Ẹ Bi Wá: Gbígba Dísáínà Síṣẹ́ Nípasẹ̀ Alágbàtà Òṣìṣẹ́

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí lẹ́tà lórí ọ̀rọ̀ kan náà ti ń wọlé sí wa. Àwọn oníṣòwò tó fẹ́ gba ayàwòrán àti dísáínà síṣẹ́ nípasẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá ni wá òṣìṣẹ́ ń kọ̀wé, àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà sì ń kọ̀wé. A mú lẹ́tà mẹ́rin nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni a ó pẹ́ lórí rẹ̀ jù, nítorí pé ìbéèrè tó wà nínú rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ àwọn yòókù.

Lẹ́tà kìíní

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Aṣọ àdìrẹ ni mò ń ṣe ní Abẹ́òkúta, ọwọ́ ìyá mi ni mo sì ti jogún iṣẹ́ náà. Ní báyìí a ti ń ta ọjà lórí Instagram, àwọn oníbàárà wa sì ti dé Èkó àti Àbújá. Mo wá rí i pé mo nílò dísáínà kan tí yóò máa bá mi ṣe páálí àti àpò tí a ń kó aṣọ sí, ìwé pélébé tí a ń so mọ́ aṣọ, àti àwòrán tí a fi ń polówó. Alágbàtà kan ní Èkó fi ìwé ìtàn iṣẹ́ ènìyàn mẹ́jọ ránṣẹ́ sí mi, ṣùgbọ́n gbogbo wọn jọ ara wọn lójú mi. Wọ́n ní kí n san ìdajì owó wọn kí n tó bá ẹnikẹ́ni nínú wọn sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ṣé kí n lọ bá alágbàtà tó wà nítòsí wa ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn ni, àbí kí n dúró ti ti Èkó? Báwo sì ni èmi tí n kò mọ kọ̀ǹpútà lò ṣe máa mọ ẹni tó mọ iṣẹ́?
Aláàdìrẹ, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn

Ìyá wa, ẹ kú ìdúró ti iṣẹ́ tí ẹ jogún. Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ Èkó tàbí Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ìwé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fi jọra lójú yín, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ìbéèrè tí alágbàtà máa ń bi oníṣirò owó àti akọ̀wé ni ó bi àwọn dísáínà wọ̀nyí: ilé-ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n lọ, ọdún mélòó ni wọ́n ti fi ṣiṣẹ́, irú ètò kọ̀ǹpútà wo ni wọ́n lè lò. Ìwé ẹ̀rí oníṣirò owó sọ ohun púpọ̀ nípa iṣẹ́ tó lè ṣe. Ìwé ẹ̀rí ẹni tó ń fi ojú àti ọwọ́ ṣiṣẹ́ kò sọ jìnnà, nítorí pé ènìyàn méjì lè jáde ní kíláàsì kan náà ní Yaba College of Technology, kí iṣẹ́ ọ̀kan máa dá oníbàárà dúró lójú ọ̀nà, kí ti èkejì má sì ju ohun tí ènìyàn lè rí níbikíbi lọ. Àkójọ iṣẹ́ ọwọ́ dísáínà, èyí tí wọ́n ń pè ní portfolio, ni ẹ ní láti béèrè. Ẹ kọ̀wé padà sí alágbàtà náà pé kí ó kó ìwé ìtàn iṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó sì fi iṣẹ́ márùn-ún márùn-ún ránṣẹ́ láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá lè ṣe èyí, òun fúnra rẹ̀ kò tíì wo iṣẹ́ àwọn tó ń fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ ò sì rí ohun tí ẹ máa san owó fún lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ sọ pé ẹ ò mọ kọ̀ǹpútà lò. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ àdìrẹ, ìmọ̀ yẹn sì wúlò fún yín níbí ju ìmọ̀ kọ̀ǹpútà lọ. Bí àpẹẹrẹ, bí dísáínà kan bá kó àwòrán Ìbàdàndùn, tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà nínú rẹ̀, sí ara páálí tí ó kọ "Ọjà Abẹ́òkúta" sí, kíá ni ojú yín máa rí àṣìṣe náà, alágbàtà tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Èkó kò sì ní fura. Bí ó bá fi àwòrán aṣọ àǹkárá tí ẹ̀rọ tẹ̀ dípò ẹlẹ́kọ tí a fi ìyẹ́ adìyẹ yà, tàbí dípò oníko tí a fi okùn dì, ẹ máa mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń wo iṣẹ́ àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, ẹ fi ọ̀rọ̀ nípa ètò kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ná, kí ẹ wo bóyá ẹni yìí máa ń farabalẹ̀ wo ohun tí wọ́n gbé fún un kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Lẹ́yìn èyí, nípa iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi hàn yín, ẹ béèrè ohun tí oníbàárà fẹ́, apá tí dísáínà náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, àti bóyá wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Ìbéèrè nípa apá tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ṣe pàtàkì gan-an. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a gba ọkùnrin kan nítorí àkójọ iṣẹ́ tó dára púpọ̀. Ẹ̀yìn oṣù méjì ni a tó mọ̀ pé ènìyàn mẹ́fà ló jọ ṣe àwọn iṣẹ́ náà, àti pé títo ọ̀rọ̀ sí ojú ewé nìkan ni tirẹ̀. Kò parọ́ fún wa, a ò kàn bi í ni. Ní ti ìtẹ̀wé, ẹ ní kí ó mú páálí tàbí àpò tó ti tẹ̀ jáde wá kí ẹ fọwọ́ kàn án. Ojú kọ̀ǹpútà ń fi iná ṣe àwọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ń fi yíǹkì mẹ́rin ṣe é. Búlúù tó jinlẹ̀ bí aró ẹlú sì wà lára àwọn àwọ̀ tó máa ń yí padà jù, débi pé ohun tó jẹ́ aró lójú kọ̀ǹpútà lè di elése àlùkò lórí páálí. Ẹ bi í bí yóò ṣe ṣe é tí aró yín kò fi ní yí padà. Ẹni tó ti dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rí ní Ṣómólú yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀: yóò sọ pé òun máa ń tẹ ẹyọ kan wò kí òun tó gba ẹgbẹ̀rún, yóò sì sọ irú páálí tó máa ń mu yíǹkì. Ẹni tí ojú kọ̀ǹpútà nìkan ni ó mọ̀ yóò ní kò séwu.

Ìdánwò kan tún wà tí mo fẹ́ràn fún gbogbo oníṣòwò tó ń kọ Yorùbá sára ọjà rẹ̀. Ẹ fún un ní gbólóhùn kan bíi "Àdìrẹ Ẹlẹ́kọ, Iṣẹ́ Ọwọ́ Ẹ̀gbá" kí ó fi irú lẹ́tà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ ọ́. Nínú ọ̀pọ̀ irú lẹ́tà tó wà lórí kọ̀ǹpútà, kò sí àyè tí a ti ṣe sílẹ̀ fún lẹ́tà "ẹ" tó ní àmì nísàlẹ̀ àti àmì ohùn lórí pa pọ̀. Kọ̀ǹpútà ní láti to àmì náà lé e, àmì náà sì lè fò lọ sí orí lẹ́tà tó tẹ̀lé e tàbí kí ó di àpótí òfìfo. Dísáínà tó mọ iṣẹ́ yóò rí i, yóò sì wá irú lẹ́tà tó gbà á. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n yóò yọ àmì kúrò, yóò sì ní bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń kọ ọ́. Ẹ má gba irú ẹni bẹ́ẹ̀, nítorí orúkọ ọjà yín ló máa bàjẹ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wá sórí alágbàtà. Kí ẹ tó bá èyíkéyìí nínú wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ kọ ojú ewé kan sílẹ̀ nípa iṣẹ́ tí ẹ fẹ́: páálí mélòó ní ọdún, àwòrán ìpolówó mélòó ní ọ̀sẹ̀, ta ni yóò máa yẹ iṣẹ́ wò, ọjọ́ mélòó ni ẹ fẹ́ kí ó wà ní Abẹ́òkúta, iye tí ẹ lè san lóṣù, àti ẹni tí yóò ra kọ̀ǹpútà àti ètò orí rẹ̀. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí máa ń fa ìjà, torí pé owó oṣooṣù ni Adobe, ilé-iṣẹ́ tó ni ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ dísáínà ń lò, ń gbà. Kí ẹ sì fi hàn gbangba pé dísáínà páálí àti ìtẹ̀wé ni ẹ ń wá. Ẹni tó ń ṣe ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń ṣe àwòrán tó ń rìn, àti ẹni tó ń ṣe páálí, dísáínà ni gbogbo wọn ń jẹ́, bí ẹní ń pe agbẹ́gilére àti káfíńtà ní oníṣẹ́ igi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi dá yín lójú pé alágbàtà náà da gbogbo wọn pọ̀ mọ́ra nínú àwọn mẹ́jọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín.

Ní ti Èkó tàbí ìtòsí, ìtòsí ni mo fara mọ́ fún iṣẹ́ tiyín. Èkó ni dísáínà pọ̀ sí jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ilé Èkó wà nínú iye tí wọn yóò béèrè, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní fẹ́ kó wá sí Abẹ́òkúta. Alágbàtà tó fìdí kalẹ̀ sí Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn ló máa mọ àwọn tó jáde ní ẹ̀ka iṣẹ́-ọnà ní Pólítẹ́kíníkì Ìbàdàn, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àti ní LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n padà sílé, tí wọn kò sì fẹ́ lọ sí Èkó. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti ń kó èrò, Abẹ́òkúta sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn lè máa wá sọ́dọ̀ yín lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ó máa ṣe ìyókù nílé. Àmọ́ ìtòsí nìkan kò tó. Ẹ bi alágbàtà tó wà nítòsí náà ní dísáínà mélòó ni ó ti bá ènìyàn wá rí, kí ó sì jẹ́ kí ẹ bá méjì nínú àwọn tó gbà wọ́n sọ̀rọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ àti dírẹ́bà nìkan ni ó ti ń bá ènìyàn wá, kò ní lè ràn yín lọ́wọ́ lórí èyí.

Ẹ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń fún alágbàtà ní ìwé àṣẹ láti gba ènìyàn síṣẹ́ fún ẹlòmíràn. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ CAC tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbé kọ́ ara ògiri kò dípò rẹ̀, ìyẹn kàn fi hàn pé ilé-iṣẹ́ náà wà ni.

Nípa ìdajì owó tí wọ́n béèrè kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ má san án. Ẹ lè san owó díẹ̀ fún ìwádìí bí ó bá wà nínú ìwé àdéhùn pé wọn yóò yọ ọ́ kúrò nínú owó ìkẹyìn, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá wọlé. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ máa san 250,000 náírà lóṣù. Ìyẹn jẹ́ 3,000,000 lọ́dún. Bí alágbàtà bá ní òun ń gba ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún kan, 300,000 náírà nìyẹn, bí ó bá sì fi VAT tó jẹ́ 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ó di 322,500. Owó yìí ju owó oṣù kan lọ dáadáa. Ẹni tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí dísáínà náà bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, tàbí tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó ohun tí ẹ kọ sínú ojú ewé yín, òun yóò wá ẹlòmíràn láìgba owó mọ́. Bí kò bá gbà láti kọ ọ́, ẹ wá alágbàtà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan kù lórí èyí. Àwọn ìwé mẹ́jọ tó wà lọ́wọ́ yín ní àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù àwọn ọmọ ọlọ́mọ nínú. Òfin ọdún 2023 tó ń dáàbò bo àlàyé ara ẹni ní Nàìjíríà kan oníṣòwò pẹ̀lú, nítorí náà ẹ má fi wọ́n sórí WhatsApp ẹgbẹ́ aláàdìrẹ pé kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì pa ti àwọn tí ẹ ò gbà rẹ́.

Lẹ́tà kejì

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, mo sì ń gbé ní Òṣogbo. Alágbàtà kan gba 20,000 náírà lọ́wọ́ mi fún fọ́ọ̀mù, ó sì ní kí n ṣe lógò mẹ́ta àti páálí kan fún ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe omi inú ọ̀rá láti fi dán mi wò. Mo ṣe é láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mo fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́. Wọn kò pè mí mọ́. Ní oṣù tó kọjá mo rí ọ̀kan nínú lógò náà lára ọkọ̀ tó ń gbé omi kiri, wọ́n kàn yí àwọ̀ rẹ̀ padà ni. Kí ni mo lè ṣe?
Oníṣẹ́-ọnà, Òṣogbo

Ìdáhùn

Ọmọ wa, ó dùn mí pé ohun tí wọ́n fi kí ọ káàbọ̀ sínú iṣẹ́ nìyí. Nǹkan méjì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ tí kò yẹ kí wọ́n gbà: owó rẹ àti iṣẹ́ rẹ. Agbanisíṣẹ́ ló yẹ kí ó máa san owó alágbàtà. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé tó ń jẹ́ ILO sọ ọ́ gbangba nínú àdéhùn rẹ̀ kọkànlélọ́gọ́sàn-án tí wọ́n ṣe ní ọdún 1997, pé alágbàtà aládàáni kò gbọ́dọ̀ gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń wá iṣẹ́, yálà tààrà tàbí ní ẹ̀bùrú. Nítorí náà, nígbàkigbà tí wọ́n bá tún dárúkọ owó fọ́ọ̀mù, dìde kí o máa lọ.

Ní ti lógò, ẹ̀tọ́ rẹ lórí iṣẹ́ rẹ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí o ti yà á. Òfin Nàìjíríà kò sọ pé o gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó di tìrẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àjọ Nigerian Copyright Commission máa ń gba ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́, ó sì wúlò fún ẹ̀rí. Kò sí owó tí wọ́n san fún ọ, kò sí ìwé tí o fọwọ́ sí, nítorí náà o kò tíì gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹnikẹ́ni. Kó ẹ̀rí jọ kí o tó pariwo: fáìlì ìpìlẹ̀ tó ní ọjọ́ tí o ṣe é, ímeèlì tí o fi ránṣẹ́, rìsíìtì owó fọ́ọ̀mù, àti àwòrán ọkọ̀ náà pẹ̀lú ọjọ́ tí o yà á. Lẹ́yìn náà kọ̀wé jẹ́jẹ́ sí ilé-iṣẹ́ omi náà ṣáájú alágbàtà. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sanwó lógò náà fún alágbàtà láìmọ̀ pé kò san fún ọ. Sọ iye tí o fẹ́, kí o fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọn kò bá dáhùn, gbé e lọ sí ọ́fíìsì àjọ náà tàbí sọ́dọ̀ agbẹjọ́rò, kí o sì fi ọ̀rọ̀ alágbàtà náà tó ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ rẹ létí.

Láti ìsinsìnyí lọ, ìdánwò tó bá ju wákàtí méjì lọ, iṣẹ́ ni, kí wọ́n sanwó rẹ̀. Ọjà tí kò sí ni kí o bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi dán ọ wò, kí o má sì fi fáìlì ìpìlẹ̀ ránṣẹ́; àwòrán kékeré tí orúkọ rẹ wà lára rẹ̀ ti tó fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá o mọ iṣẹ́.

Lẹ́tà kẹta

Olóòtú, ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ni a ń tẹ̀ ní Ìbàdàn. Nípasẹ̀ alágbàtà ni a fi rí dísáínà tó ṣe èèpo ẹ̀yìn ìwé wa méjìlá láàárín ọdún kan àti ààbọ̀. Alágbàtà náà ló ń san owó oṣù rẹ̀, àwa sì ń san fún alágbàtà. Ó ti lọ báyìí, a sì fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun ló ni àwọn àwòrán náà, kò sì fẹ́ kó fáìlì sílẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?
Atẹ̀wé, Ìbàdàn

Ìdáhùn

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́. Mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ yín nínú lẹ́yìn owó tí ẹ ti san. Lábẹ́ òfin tuntun tó ń jẹ́ Copyright Act 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) kò lè kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀. Sísan owó nìkan kò tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Nínú ọ̀ràn yín, ènìyàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀: dísáínà, alágbàtà, àti ẹ̀yin. Lórí ìwé, òṣìṣẹ́ alágbàtà ni ọkùnrin náà, kì í ṣe òṣìṣẹ́ yín. Kí ẹ̀tọ́ náà tó lè dé ọ̀dọ̀ yín, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé láàárín òun àti alágbàtà, kí ó sì tún wà nínú ìwé láàárín alágbàtà àti ẹ̀yin. Ẹ wá ìwé méjèèjì jáde lónìí kí ẹ tó sọ̀rọ̀ mìíràn. Mo ti rí irú ìwé àdéhùn alágbàtà bẹ́ẹ̀ púpọ̀, tó sọ̀rọ̀ nípa wákàtí iṣẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi ní ojú ewé mẹ́fà, tí kò sì sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ nípa ẹni tó ni iṣẹ́. Ìwé tí wọ́n kọ fún awakọ̀ ni wọ́n fún ayàwòrán.

Bí ẹ ò bá rí i nínú ìwé méjèèjì, ẹ má fi agídí tún ìwé náà tẹ̀. Ẹ pe ọkùnrin náà jókòó, kí ẹ fi iye kan lọ̀ ọ́ fún ẹ̀tọ́ èèpo ẹ̀yìn méjèèjìlá àti fáìlì wọn pa pọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo yín sì fọwọ́ sí i. Àtúntẹ̀ tí wọ́n bá dá dúró lẹ́yìn tí ìwé ti dé ṣọ́ọ̀bù yóò ná yín ju ìyẹn lọ. Kí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ya àwòrán. Ẹ̀tọ́ láti jẹ́ kí a mọ̀ ọ́n mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣeé tà fún ẹlòmíràn nígbà ayé rẹ̀, kódà bí ó bá ta gbogbo ìyókù, ó sì tọ́ sí i.

Fún ẹni tí ẹ máa gbà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lè fi irú gbólóhùn yìí sínú ìwé àdéhùn, kí agbẹjọ́rò yín tún un ṣe: "Gbogbo àwòrán àti fáìlì ìpìlẹ̀ tí mo bá ṣe nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi yìí, mo gbé ẹ̀tọ́ àdàkọ wọn fún ilé-iṣẹ́ atẹ̀wé náà láti ọjọ́ tí mo bá ti parí wọn, mo ní ẹ̀tọ́ láti fi wọ́n hàn nínú àkójọ iṣẹ́ mi, orúkọ mi yóò sì wà lára wọn." Kí dísáínà fọwọ́ sí i, kí alágbàtà fọwọ́ sí i, kí ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí ó máa kó fáìlì sí ibi ìpamọ́ yín ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ má dúró de ọjọ́ tí yóò lọ. Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun kan: abala keje nínú Labour Act ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àlàyé iṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta tó bá wọlé, ṣùgbọ́n òfin náà yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kúrò nínú àwọn tí ó pè ní òṣìṣẹ́, a sì lè jiyàn pé dísáínà wà lára wọn. Ohun tí ẹ bá kọ fúnra yín ni yóò dáàbò bo ẹ̀yin àti òun.

Lẹ́tà kẹrin

Ẹ kú àtijọ́. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ni mo ní ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀sẹ̀ méjìlá sẹ́yìn ni alágbàtà kan fún mi ní dísáínà onígbà díẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tèmi. Ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ó sì ti kúrò láti ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fẹ́ gbà á pátápátá, alágbàtà sì ń béèrè owó ńlá lọ́wọ́ mi. Ṣé dandan ni kí n san án?
Oníṣọ́ọ̀bù, Peckham

Ìdáhùn

Àǹtí wa, ẹ wo ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ná. Ìlànà ọdún 2003 tó de àwọn alágbàtà òṣìṣẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n láyè láti béèrè owó bí ẹ bá gba òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ wọn pátápátá, ṣùgbọ́n ó fi òpin sí i. Ìwé àdéhùn náà gbọ́dọ̀ fún yín láyè láti yàn pé dípò owó yẹn, ẹ fẹ́ kí dísáínà náà tún ṣiṣẹ́ fún yín nípasẹ̀ wọn fún àkókò kan tí wọ́n kọ sílẹ̀, tí ẹ ó sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí àyè yẹn kò bá sí nínú ìwé, wọn kò lè gba owó náà lọ́wọ́ yín.

Àkókò tún wà. Wọn kò lè béèrè owó bí ẹ bá gbà á lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, tàbí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti ìgbà tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì ni ẹ ó tẹ̀ lé. Ti àkọ́kọ́ ku ọ̀sẹ̀ méjì, ti èkejì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nítorí náà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ẹ ó dúró. Ibi tí ó lè má rí bẹ́ẹ̀ ni bí dísáínà náà bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ kọ́ńpínnì tirẹ̀, tí òun àti kọ́ńpínnì náà sì ti kọ̀wé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ pé àwọn yọ ara àwọn kúrò lábẹ́ ìlànà yìí. Ẹ bi í. Kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ ń dúró, kí ó má baà gba iṣẹ́ sí ibòmíràn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn.